Ṣódẹkẹ́: Balógun Tó Kó Ẹ̀gbá Jọ Sábẹ́ Olúmọ

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Yorùbá ní Múṣin, bí mo bá béèrè akọni Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ọmọ, Lísàbí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn kò jẹ̀bi. Lísàbí ló gba Ẹ̀gbá kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun tú wọn ká, Ṣódẹkẹ́ ọmọ Ìporò ló kó wọn jọ.

Lẹ́yìn tí ogun fọ́ Òwu, ó kọjú sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìlú wọn fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn sì sá lọ sí Ìbàdàn. Ìyà jẹ wọ́n níbẹ̀. Lámọ̀dí tó jẹ́ Balógun kú kí wọ́n tó rí ibi ìsinmi. Ṣódẹkẹ́ ló ṣíwájú wọn, wọ́n sì tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Ibẹ̀ ló di Abẹ́òkúta.

Ó jagun, ó sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Òwíwí. Àmọ́ iṣẹ́ tó le ju ogun lọ ń dúró dè é. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló kó orúkọ rẹ̀, ìjòyè rẹ̀ àti Ògbóni rẹ̀ wá, kò sì sí èyí tó fẹ́ sìn èkejì. Ṣódẹkẹ́ kò fi ara rẹ̀ jọba. Balógun ló ń jẹ́, ọ̀rọ̀ sísọ ló sì fi ń so wọ́n pọ̀. Nígbà tí àwọn ará Òwu dé, ó gbà wọ́n mọ́ra.

Láti 1839, àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ti tà lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í ti Sàró padà wálé. Ó gbà wọ́n. Thomas Birch Freeman dé ní oṣù Kejìlá 1842, Henry Townsend sì dé ní oṣù Kìíní 1843. Ó gba àwọn náà tọwọ́tẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò di Kìrìsìtẹ́nì. A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́ o: ogun ayé ìgbà náà ń kó ẹrú, Ẹ̀gbá náà kò sì mọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

Ṣódẹkẹ́ kú ní 1845. Ní ọdún kejì, Àjàyí Crowther wọ Abẹ́òkúta, ó sì rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Ìlú tí Ṣódẹkẹ́ kó jọ fún àwọn tí ogun tú ká ni ìyá àti ọmọ ti pàdé. Nígbà tí ogun Dáhòmì dé ní 1851, ìlú náà kò fọ́. Ní 1854 ni wọ́n tó fi Okúkẹ́nù jẹ Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ní Múṣin níbí, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti Ọ̀yọ́ ń pín ògiri kan náà. Ẹni tó lè mú irú wọn jókòó pọ̀ láìfi ipá ṣe é, akọni gidi ni.