Xuanzang: Arìnrìn-àjò tí ó Fẹsẹ̀ Wá Ìmọ̀ Dé Bodh Gaya

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí bá ìgbésí ayé Xuanzang mu régí. Ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà ni, ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé sì ni nínú ẹ̀sìn Búdà. Láàárín ọdún 629 sí 645, ó rìn láti ilẹ̀ rẹ̀ dé Íńdíà, ó sì padà, nítorí àtifojú rí àwọn ibi mímọ́ tí Búdà gbé rí àti nítorí àtikó ìwé ẹ̀sìn wálé. Nínú àwòrán tí àwọn ayàwòrán sábà máa ń yà nípa rẹ̀, ṣe ni ó pọ̀n ẹrù ìwé sẹ́yìn bí ìyá ṣe ń pọ̀n ọmọ.

Ní nǹkan bí ọdún 602 ni wọ́n bí i nítòsí ìlú Luoyang. Chen ni orúkọ ìdílé rẹ̀, ìdílé ọ̀mọ̀wé sì ni. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti di ajẹ́jẹ̀ẹ́ sì mú un sọ́dọ̀. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí wọ́n gbà á sí ilé ìsìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó. Nígbà tí ìjọba Sui wó ní ọdún 618, tí ogun àti ìyàn gba ilẹ̀ kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí sá lọ sí Chengdu. Ibẹ̀ ni ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kíkún ní ọdún 622.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́ kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ni iyèméjì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ohun tí olùkọ́ kan bá pè ní funfun ni ẹlòmíràn ń pè ní dúdú, àwọn ìwé tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Ṣáínà náà sì ń tako ara wọn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo ẹ̀dá ni ó lè di Búdà ni tàbí àwọn díẹ̀ kan. Nígbẹ̀yìn, ó rí i pé àfi kí òun lọ sí orísun, kí òun gbọ́ èdè Sanskrit, kí òun sì ka àwọn ìwé náà ní èdè tí wọ́n fi kọ wọ́n.

Ìdènà ńlá ni òfin ọba. Ọba Taizong ti ìdílé Tang kò gbà kí ará ìlú kọjá ẹnubodè. Xuanzang tọrọ àyè, wọn kò fún un. Ní ọdún 629, ó yọ́ jáde kúrò ní Chang'an, ó ń fi ọ̀sán sá pamọ́, ó sì ń fi òru rìn. Nítòsí aṣálẹ̀, bàbá arúgbó kan fi ẹṣin pupa kan tí ó ti rù hangogo ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú tirẹ̀, nítorí ẹṣin náà ti rin ọ̀nà Hami nígbà 15. Afinimọ̀nà rẹ̀ yọ ọ̀bẹ sí i lóru, lẹ́yìn èyí ni ó fi í sílẹ̀ lọ. Ní ilé ìṣọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ogun ta á lọ́fà, díẹ̀ ni kò bà á. Nínú aṣálẹ̀ gan-an, àpò omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo omi sì dànù. Ó ṣẹ́rí padà síhà ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n ó rántí ẹ̀jẹ́ rẹ̀ pé òun kò ní gbé ẹsẹ̀ kan padà sílé láìdé Íńdíà. Ó tún dojú kọ ìwọ̀-oòrùn. Òru mẹ́rin àti ọ̀sán márùn-ún ni kò fi omi kan ètè, kí ẹṣin arúgbó náà tó gbóòórùn omi, tí ó sì gbé e débẹ̀.

Ní Gaochang, ní agbègbè Turfan, ìfẹ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀wọ̀n fún un. Ọba Qu Wentai fẹ́ kí ó dúró jẹ́ olùkọ́ ìlú òun títí ayé. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò yanjú ọ̀rọ̀, ọba bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ ọn. Xuanzang kọ oúnjẹ àti omi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko títí ọba fi tọrọ ìdáríjì. Wọ́n fi àdéhùn parí rẹ̀: bí ó bá ń darí bọ̀, yóò fi ọdún mẹ́ta kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Qu Wentai fún un ní ẹṣin 30, wúrà àti fàdákà, àti ìwé ìfinimọni 24 sí àwọn ọba tí ó wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà náà kò dẹrùn. Lórí àwọn òkè Tian Shan, òtútù àti ebi pa bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn tí ó ń bá a rìn. Ní Bamiyan, ó rí àwọn ère Búdà gàgàrà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, àwọn tí ìjọba Taliban fọ́ ní ọdún 2001. Lójú odò Ganges, àwọn ọlọ́ṣà fẹ́ fi í rúbọ sí Durga, òrìṣà wọn. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń ṣe àṣàrò. Ìjì líle jà lójijì, ẹ̀rù ba àwọn ọlọ́ṣà, wọ́n sì dá a sílẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 637, ó dé Bodh Gaya. Kò sí ibi tí ó mọ́ tó o lójú àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, nítorí abẹ́ igi kan níbẹ̀, tí ó jẹ́ ẹbí odán, ni ojú inú Búdà ti là. Xuanzang dojú bolẹ̀ níwájú igi náà, ó sì sunkún kíkorò. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé kò sí òun láyé nígbà tí Búdà wà láàyè, ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ ni wọ́n bí òun sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí ó péjọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìsinmi ìgbà òjò, ń bá a sunkún. Síbẹ̀ ẹkún kò dí i lójú. Ó ṣe àkọsílẹ̀ bí ọba kan, Shashanka, ṣe gé igi náà àti bí Purnavarman ṣe mú kí ó tún hù. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé ère kan níbẹ̀ ti rì wọlẹ̀ dé àyà, tí àwọn ènìyàn sì gbà pé ọjọ́ tí ó bá rì tán ni ẹ̀sìn náà yóò parẹ́.

Láti ibẹ̀ ni àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Nalanda ti wá mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga wọn, níbi tí ó ti fi bí ọdún márùn-ún kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Silabhadra. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ ọba Harsha. Nígbà tí ó ń darí sílé, bí 50 nínú àwọn ìwé rẹ̀ bọ́ sínú odò Indus. Àdéhùn Gaochang kò sì ṣe é mú ṣẹ mọ́, nítorí Qu Wentai ti kú, àwọn ọmọ ogun Taizong sì ti gba ìlú náà ní ọdún 640. Xuanzang gba ọ̀nà gúúsù, ó sì kọ̀wé sí ọba láti Khotan pé kí ó forí ji òun. Ọba gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ọdún 645, ó wọ Chang'an pẹ̀lú ìwé 657 tí ẹṣin 20 rù.

Taizong fi oyè lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni ó gbájú mọ́. Ìwé 75 tí ó jẹ́ ìdì 1,335 ni ó túmọ̀. Nígbà tí ó kan ìwé kan tí ó gùn tó ìdì 600, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gé e kúrú. Ó kọ́kọ́ gbà, ṣùgbọ́n àlá burúkú ń dà á láàmú, ni ó bá pinnu pé òun kò ní yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 663. Ó kú ní ọdún 664.

Ẹ̀sìn Búdà padà rọlẹ̀ ní Íńdíà, igbó àti erùpẹ̀ sì bo ọ̀pọ̀ ibi mímọ́ náà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìwé ìrìn-àjò tí Xuanzang parí ní ọdún 646 ni Alexander Cunningham mú lọ́wọ́ tí ó fi ń wá wọn kiri, tí ó sì fi dá Nalanda mọ̀. Ní ọdún 2002, UNESCO fi tẹ́ńpìlì Bodh Gaya kún àwọn ogún àjùmọ̀ní aráyé. Báyìí ni ọkùnrin tí ó sunkún pé òun pẹ́ dé ṣe di afinimọ̀nà fún àwọn tí ó pẹ́ jù ú lọ.