Ìtàn Ìgbésí Ayé Hideyo Noguchi, Oníṣègùn

Ẹni tí ó bá kúrò ní Festac tàbí ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin tí ó sì kọjá lọ sí Yábàá yóò dé àdúgbò kan tí àwọn oníṣègùn ti ń ṣe ìwádìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń wádìí ibà pọ́njú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ṣe ibùjókòó wọn ní ọdún 1925. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1928, àlejò kan tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Jàpáàn wá sí Èkó nítorí iṣẹ́ yìí kan náà. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kú. Hideyo Noguchi ni orúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ ìtàn rẹ̀, nítorí pé olùkọ́ ni ó gbé e dìde, àti nítorí pé ìgbésí ayé rẹ̀ fi ohun tí ìtara lè ṣe hàn wá, ó sì fi ohun tí kò lè ṣe hàn pẹ̀lú.

A bí i ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1876 ní Inawashiro. Seisaku ni orúkọ tí a sọ ọ́. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, tálákà sì ni wọ́n. Nígbà tí ó di ọmọ nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀, ó ṣubú sínú iná ààrò. Iná náà jó ọwọ́ òsì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìka rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò lè di ọkọ́ mú, kí ni yóò fi jẹun? Shika, ìyá rẹ̀, rí i pé ìwé nìkan ni ó kù fún un, ó sì ṣe làálàá kí ọmọ náà lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Olùkọ́ kan tí a ń pè ní Sakae Kobayashi ṣàkíyèsí ọmọ náà. Ó rí i pé orí rẹ̀ pé, ó sì ràn án lọ́wọ́ kí ó lè tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 1892, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá owó jọ, a sì mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn Kanae Watanabe, ẹni tí ó fi abẹ ya àwọn ìka náà kúrò lára ara wọn. Ọwọ́ náà kò dára tán, ṣùgbọ́n ó lè di nǹkan mú. Láti ìgbà náà ni ọmọ náà ti pinnu láti ṣe iṣẹ́ ìṣègùn. Ó di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ó wò ó sàn, ó sì yege nínú ìdánwò àwọn oníṣègùn ní ọdún 1897, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Hideyo.

Ní ọdún 1900 ó rékọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Simon Flexner lórí oró ejò. Ní ọdún 1904 ó wọ ilé ìwádìí Rockefeller ní New York. Ní ọdún 1913, òun àti J. W. Moore rí kòkòrò àrùn syphilis nínú ọpọlọ àwọn tí wèrè àti àrùn ẹ̀gbà ti pa. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ dájú pé àrùn ìbálòpọ̀ yìí ni ó fa irú wèrè bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí dúró títí di òní.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ di ohun tí aráyé ń sọ ni ìdánwò tí ó gbé jáde ní ọdún 1911, èyí tí ó pè ní luetin. Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ara tí ó ti bá àrùn kan jà rí dà bí ilé tí olè ti wọ̀ rí: bí ẹsẹ̀ bá dún lẹ́hìnkùlé, gbogbo ilé ni yóò jí. A ó pa àwọn kòkòrò àrùn náà, a ó sì fi abẹ́rẹ́ ti díẹ̀ nínú òkú wọn sínú awọ apá. Bí ara kò bá mọ̀ wọ́n rí, awọ yóò dákẹ́. Bí ó bá mọ̀ wọ́n, ojú abẹ́rẹ́ náà yóò pọ́n, yóò sì le lẹ́hìn ọjọ́ kan tàbí méjì.

Noguchi dán luetin wò lára ènìyàn tí ó lé ní 500. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní àrùn náà, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò ní in. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ aláìsàn tí àrùn mìíràn gbé dé ilé ìwòsàn, àti àwọn ọmọdé, tí àwọn ọmọ òrukàn wà nínú wọn. A kò gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn tàbí lọ́wọ́ alágbàtọ́ wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà hú jáde ní ọdún 1912, ariwo ta ní New York. Ilé ìwádìí náà wí pé òkú kòkòrò kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, àti pé Noguchi ti kọ́kọ́ dán an wò lára ara rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba kò pè é lẹ́jọ́. Síbẹ̀, awọ ara ọmọ òrukàn kì í ṣe wàláà tí olúkúlùkù lè kọ̀wé sí. Bí abẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ pani, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi olówó ara.

Ìdánwò náà fúnra rẹ̀ kò sì pẹ́ kí ó tó ní àbùkù. Awọ àwọn mìíràn tí kò ní àrùn náà a máa wú, pàápàá bí wọ́n bá ti lo oògùn tí ó ní iodine nínú. Kò sí ẹlòmíràn tí ó lè gbin kòkòrò syphilis ní ọ̀nà tí Noguchi sọ pé òun fi gbìn ín. Bí ohun tí ń bẹ nínú ìgò kò bá dáni lójú, báwo ni èsì awọ ara yóò ṣe dáni lójú?

Ní ọdún 1926 ó tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn kòkòrò Leishmania, tí í fa egbò awọ ara àti àrùn ọlọ inú ní ilẹ̀ olóoru. Ní ọdún yẹn kan náà ni Montenegro ní São Paulo ṣe ìdánwò awọ ara fún àrùn yìí. Òkú Leishmania ni ó lò, èyí tí a mọ̀ dájú, ìdánwò náà sì dúró. Àwọn oníwádìí ti lò ó ní Keana ní Nàìjíríà, àti ní Ghana, níbi tí egbò náà ti bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ho láti ọdún 1999. Ẹni tí egbò rẹ̀ ti jinná, tí ara rẹ̀ sì ti gba àjẹsára, ni awọ rẹ̀ í wú.

Ibà pọ́njú ni ó pa Noguchi. Ní ọdún 1918, ní Guayaquil ní Ecuador, ó kéde pé òun ti rí kòkòrò tí ń fa ibà náà, ó sì ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti inú rẹ̀. Ní ọdún 1926, Max Theiler àti Sellards fi hàn pé kòkòrò àrùn mìíràn ni. Ní ọdún 1927, àwọn oníṣègùn Yábàá gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí a ń pè ní Asibi ní Gold Coast. Wọ́n fi gún ọ̀bọ, ọ̀bọ náà sì kú. Asibi yè. Adrian Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ohun tí ó fa ibà náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń gba inú asẹ́ tí ń dá kòkòrò dúró kọjá. Fáírọ́ọ̀sì ni. Ibà náà sì pa Stokes ní Èkó ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1927 ni Noguchi gúnlẹ̀ sí Accra láti gbèjà iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ tọ̀sán-tòru láàrín àwọn ọ̀bọ rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́hìn tí ó wá sí Èkó ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó sì kú ní Accra ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù karùn-ún ọdún 1928. Láìpẹ́ sí i, William Young, oníṣègùn tí ó gbà á lálejò níbẹ̀, kú nípa ibà kan náà. New York ni a sin Noguchi sí.

Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tòótọ́ ní ọdún 1937, èyí tí a ń gún fún àwọn ènìyàn Èkó títí di òní. Ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní Legon ní ọdún 1979 ń jẹ́ orúkọ Noguchi, àwọn oníwádìí rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ń wádìí àrùn Leishmania ní Ghana. Àwọn ará Jàpáàn ya àwòrán rẹ̀ sára owó wọn láti ọdún 2004 títí di ọdún 2024.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ jóná di ẹni ńlá nítorí pé olùkọ́ kan kò fojú pa á rẹ́, nítorí náà kí a má ṣe fojú pa ọmọ kankan rẹ́ ní kíláàsì wa. Ṣùgbọ́n kí a kọ́ wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ ara wọn wò lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kéde rẹ̀, kí wọ́n gbà nígbà tí ẹlòmíràn bá fi àṣìṣe wọn hàn wọ́n, kí wọ́n má sì ṣe fi ara ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ dán ohunkóhun wò.