Joseph Fraunhofer, Ọmọ Òrukàn tí ó Di Ọ̀gá Oníṣẹ́ Gíláàsì

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọwọ́ rí. Ẹni tí ó kọ́ ilé gogoro a máa gba ìyìn, nítorí pé gbogbo ojú ni ó ń rí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe ohun tí ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, díẹ̀ ni àwọn tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Joseph Fraunhofer jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

A bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1787 ní ìlú Straubing, ní Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì. Iṣẹ́ gíláàsì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, Joseph sì ni ọmọ rẹ̀ kọkànlá. Kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ fi kú tán. Wọ́n fi í sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní ìlú Munich, Weichselberger, tí ń ṣe dígí ìwojú. Nítorí pé kò sí owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, àdéhùn ni pé kí ọmọ náà sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́fà láìgba kọ́bọ̀. Ìwé kíkà wu Joseph púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 1801, ilé ọ̀gá náà wó lulẹ̀ lójijì. Ìyàwó ọ̀gá kú sábẹ́ àlàpà. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn ènìyàn fi ń kó òkúta àti igi kúrò kí wọ́n tó yọ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá náà jáde láàyè. Maximilian, ẹni tí ń ṣe olórí Bavaria nígbà náà, wá síbẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe é, ó sì fún un ní owó wúrà méjìdínlógún. Ọlọ́lá kan, Joseph von Utzschneider, sì fún un ní ìwé ìṣirò àti ìwé nípa ìmọ́lẹ̀. Ọmọ mìíràn ì bá fi owó náà jẹ̀gbádùn. Fraunhofer fi í ra ẹ̀rọ tí a fi ń gé gíláàsì, ó sì fi ra òmìnira kúrò nínú ìyókù ọdún ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀ ọ̀nà kò tíì là. Ó gbìyànjú láti dá dúró, ó ń fín orúkọ àwọn ènìyàn láti fi tẹ káàdì, ṣùgbọ́n ogun ba òwò náà jẹ́, ó sì ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá àtijọ́. Ní 1806 ni Utzschneider mú un wọ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe awò àti àwọn ohun èlò ìwọnlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì wà ní Benediktbeuern, nínú ilé tí àwọn mọ́ńkì ń gbé tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Fraunhofer fi di olórí iṣẹ́ awò níbẹ̀.

Ìṣòro kan ń bá gbogbo àwọn tí ń ṣe awò fínra ní ayé ìgbà náà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú gíláàsì kọjá, a máa pín sí àwọ̀ bí ti òṣùmàrè, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan a sì máa tẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Láti ṣe awò tí ó mọ́ gaara, ó di dandan láti wọn bí gíláàsì kọ̀ọ̀kan ti ń tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi ìka sí ibi tí pupa parí sí? Fraunhofer jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé, kí ó sì kọjá nínú gíláàsì onígun mẹ́ta. Nígbà tí ó fi awò wo àwọ̀ tí ó jáde, ó rí àwọn ìlà dúdú tí ó dábùú rẹ̀. Wollaston, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí díẹ̀ nínú wọn ní 1802. Ní 1814 Fraunhofer ka èyí tí ó ju 500 lọ, ó sì fi lẹ́tà sàmì sí àwọn tí ó hàn jù. Àwọn ìlà náà kì í ṣí kúrò ní ipò wọn, nítorí náà ó rí àmì tí yóò máa fi ṣe ìwọ̀n. Ohun tí ó fà wọ́n kò yé e, kò sì díbọ́n pé ó yé òun.

Láti wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní láti ṣe ohun èlò tí kò sí lọ́jà. Ó mú síkúrù méjì tí eyín wọn wẹ́ tí ó sì dọ́gba, ó sì na wáyà 260 láti ọ̀kan dé èkejì, kí eyín síkúrù lè mú àlàfo wọn dọ́gba. Bí ìmọ́lẹ̀ ti gba àárín wáyà wọ̀nyí kọjá, ó pín sí àwọ̀. Bí àlàfo bá ṣe kéré tó ni àwọ̀ ń fẹ̀ tó. Nítorí náà ó ń wá èyí tí ó kéré sí i. Ó lẹ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ gíláàsì, ó sì ha ìlà sára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ṣóńṣó dáyámọ́ńdì fa ìlà sára gíláàsì gan-an. Ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ mì, àlàfo kò sì gbọdọ̀ ṣe ségesège, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo làálàá náà á já sí asán. Nígbà tí yóò fi di 1823, ìlà tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni ó ń fà sínú àyè mìlímítà kan ṣoṣo. Pẹ̀lú gíláàsì onílà yìí ni ó fi wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, èyí tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà.

Síbẹ̀, nígbà tí a fẹ́ gbà á sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Munich, àwọn kan lòdì sí i nítorí pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni, kò sì lọ sí yunifásítì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó gbèjà rẹ̀. Yunifásítì Erlangen fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1822. Ní 1824, awò ńlá tí ó ṣe fún ìlú Dorpat, tí a ń pè ní Tartu lónìí, di ìyanu fún àwọn awòràwọ̀. Ní ọdún kan náà, Maximilian, tí ó ti di ọba, fi í joyè.

Kò pẹ́ nídìí oyè náà. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró pa á ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1826, ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kú. Ní 1838, ohun èlò tí a ṣe ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni Bessel fi wọn bí ìràwọ̀ kan ti jìnnà sí ayé tó. Ní 1859 ni Kirchhoff àti Bunsen ṣàlàyé àwọn ìlà dúdú náà: àwọn èròjà tí ó wà lára oòrùn ni ó ń fà wọ́n. Láti ìgbà náà ni ènìyàn ti ń mọ ohun tí ó wà lára ìràwọ̀ tí ẹsẹ̀ kò lè dé.

Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ọmọ tí a hú jáde lábẹ́ àlàpà kò ní bàbá, kò sì ní ìwé ẹ̀rí. Sùúrù àti ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ni ó fi fa ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, títí tí ìràwọ̀ fi sún mọ́ ọmọ aráyé.