Werner Forssmann, dókítà tó dán an wò lára ara rẹ̀

Berlin wa níbí ni wọ́n ti bí Werner Forssmann ní 1904.

Ní 1929 ó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Eberswalde, kò jìnnà sí Reinickendorf. Ó gbàgbọ́ pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba inú iṣan apá dé inú ọkàn. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀, torí wọ́n rò pé ó lè pa èèyàn. Nọ́ọ̀sì Gerda Ditzen ní kó dán an wò lára òun. Forssmann so ó mọ́ tábìlì, àmọ́ apá ara rẹ̀ ló gé! Ó ti rọ́bà náà wọlé tó 65 sẹ̀ntímítà, ó sì rìn lọ ya X-ray. Rọ́bà ti dé ọkàn, kò sì kú. Ó láyà o, ṣùgbọ́n bó ṣe tan nọ́ọ̀sì yẹn, mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ó tún wọ ẹgbẹ́ Nazi ní 1932, ìyẹn burú gan-an.

Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1956, òun àti àwọn méjì mìíràn. Ó kú ní 1979.

Ní 1977, ní Zurich, Andreas Grüntzig fi bàlúùnù kékeré sí ẹnu irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, ó fi ṣí iṣan ọkàn tó dí. Ewu ṣì wà níbẹ̀: iṣan lè ya, ẹ̀jẹ̀ lè dì, rọ́bà náà lè já sínú. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń wo X-ray lójú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Forssmann ní tiẹ̀, díńgí ló fi wò ó.