Anne Hutchinson: Obìnrin tí wọ́n lé nílùú nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀

Ọdún 1591 ni wọ́n bí Anne Hutchinson nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1634, òun, ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn kó lọ sí Boston, ní Massachusetts, ilẹ̀ àmúsìn Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà. Agbẹ̀bí ni. Ilé rẹ̀ làwọn obìnrin ti ń jíròrò ìwàásù. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin náà ń wá. Ó ní ọ̀pọ̀ àlùfáà ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá rọ́pò oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn aláṣẹ nínú. Ní 1637, Gómìnà John Winthrop darí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀, wọ́n sì dájọ́ pé kó fi ìlú sílẹ̀. Rhode Island ló lọ. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ó kó lọ sí ilẹ̀ àmúsìn àwọn ará Netherlands. Ibẹ̀ làwọn ọmọ onílẹ̀, tí ogun wà láàárín àwọn àti Netherlands, ti pa òun àti púpọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ní 1643. Ó di 1987, lẹ́yìn 350 ọdún, kí Gómìnà Michael Dukakis tó fagi lé ìdájọ́ náà.