Jules Ferry: Ọkùnrin Kan, Iṣẹ́ Méjì



Ọ̀pọ̀ wa ló kàwé Faransé. Ó yẹ ká mọ Jules Ferry, tí wọ́n bí ní Saint-Dié, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1832. Agbẹjọ́rò ni, kó tó di mínísítà àti olórí ìjọba. Ní 1881, òfin rẹ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ní 1882, ó sọ ẹ̀kọ́ di dandan fún ọmọ ọdún 6 sí 13, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọmọ tálákà ríbi jókòó.

Òun kan náà ló rán ọmọ ogun sí Tùnísíà ní 1881, àti sí Tonkin ní Vietnam lẹ́yìn náà. Lábẹ́ ìjọba rẹ̀, ní 1883, Faransé tún mú Àjàṣẹ́ sábẹ́ ààbò rẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí Ọba Toffa. Ààbò náà di àkóso.

Ọ̀rọ̀ Tonkin ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1885. Ní oṣù keje ọdún náà, ó sọ nílé aṣòfin pé àwọn ẹ̀yà tó ga ní ẹ̀tọ́ lórí àwọn tó rẹlẹ̀. Georges Clemenceau, ọmọ Faransé bíi tirẹ̀, ta kò ó gidigidi. Ferry kú ní 1893.

Àwọn kan ní bí ayé ìgbà náà ṣe rí nìyẹn. Clemenceau ni ẹ̀rí pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ìdọ́gba tí Ferry wá fún ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, kò fi tó wa létí ilé wa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa kàwé, kí wọ́n sì mọ ìtàn náà délẹ̀.