John Payne Jackson (1848–1915)

Cape Palmas ní Làìbéríà ni wọ́n ti bí Jackson, ọmọ àwọn tó ṣí lọ láti Amẹ́ríkà. Nígbà tó dé Èkó, ó dá ìwé ìròyìn Lagos Weekly Record sílẹ̀ ní 1891. Láyé ìgbà náà, ìpolówó ọjà òkèèrè bí oògùn inú ìgò, ọṣẹ àti aṣọ wà lára ohun tó ń gbé ìwé ìròyìn ró. Ṣùgbọ́n Jackson kò yéé bá ìjọba amúnisìn wí, àwọn oníṣòwò òyìnbó sì kó ìpolówó wọn kúrò. Owó dín, ohùn kò dín. Ó ń tẹ̀ ẹ́ títí di ìgbà díẹ̀ kí ó tó kú ní 1915. Ọmọ rẹ̀, Thomas Horatio, sì gbà á ṣe títí di 1930. Orúkọ rere sàn ju wúrà òun fàdákà lọ.